Spam musubi: bí a ṣe ń ṣe é nílé tí kò fi ní tú mọ́ni lọ́wọ́

Ẹni tó bá kọ́kọ́ dán Spam musubi wò nílé, ẹran ló máa ń gbájú mọ́. Á dín ẹran náà dáadáa, shoyu (soy sauce) àti ṣúgà á dà pọ̀ nínú páànù, gbogbo ilé á máa ta sánsán. Àfi ìgbà tó bá gbé e sẹ́nu: ìrẹsì tú dà sí i láyà, ẹran yọ̀ bọ́ sílẹ̀, ewé òkun tí a fi dì í sì kọ̀, kò já lábẹ́ eyín. Kò sí ẹjọ́ ẹran níbẹ̀ rárá. Ìrẹsì àti omi ló ni ẹjọ́: irú ìrẹsì tí a rà, ìwọ̀n omi tí a fi sè é, bó ṣe gbóná tó nígbà tí a ń tẹ̀ ẹ́, àti omi ọbẹ̀ tí a jẹ́ kó bá ẹran wọlé. Ibẹ̀ la ó ti pẹ́ jù nínú ìtọ́sọ́nà yìí.

Ti Hàwáì ni musubi tí à ń sọ. Ìrẹsì funfun ni, tí a tẹ̀ pọ̀ ní igun mẹ́rin. Ègé ẹran agolo Spam tí a dín, tí a fi shoyu àti ṣúgà kùn, á jókòó lé e lórí. A ó wá fi nori, ìyẹn ewé òkun tí wọ́n sá gbẹ tí wọ́n sì tẹ̀ pẹlẹbẹ, dì í yí ká. Ọwọ́ lásán la fi ń jẹ ẹ́. Ní Honolulu, olú ìlú Hàwáì, ẹ ó bá a ní ṣọ́ọ̀bù 7-Eleven nítòsí ibi ìsanwó, ó wà nínú ọ̀rá, ó ṣì lọ́wọ́ọ́wọ́. Ẹ má kà á mọ́ sushi o. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe é níbẹ̀ kì í po fínígà mọ́ ìrẹsì rẹ̀, ẹran rẹ̀ náà kì í sì í ṣe tútù.

Ohun tí ẹ ó nílò (fún musubi 8)

- Ìrẹsì Japan oníhóró kúkúrú tàbí Calrose: gíráàmù 450. Bí ẹ bá ń fi ife kékeré tó máa ń bá rice cooker wá (mílílítà 180) wọ̀n ọ́n, ife 3 ni.
- Omi tí ẹ ó fi sè é: mílílítà 600
- Spam agolo 1, gíráàmù 340
- Nori: ewé 4
- Shoyu, ìyẹn soy sauce ti Japan tàbí ti Hàwáì: ṣíbí ìjẹun 3
- Ṣúgà, pupa tàbí funfun: ṣíbí ìjẹun 3
- Mirin, ìyẹn ọtí ìrẹsì dídùn ti Japan tí a fi ń se oúnjẹ: ṣíbí ìjẹun 1
- Furikake: ṣíbí tíì 4. Àpòpọ̀ yànmọ̀tí, nori wẹ́wẹ́, iyọ̀ àti ṣúgà ni. Òmíràn ní ẹja gbígbẹ nínú. Bí ẹ ò bá rí i, yànmọ̀tí tí ẹ yan fúnra yín pẹ̀lú iyọ̀ díẹ̀ tó.
- Abọ́ omi kan tí ẹ bu ààbọ̀ ṣíbí tíì iyọ̀ sí
- Mọ́ọ̀dù musubi, ìyẹn àpótí kékeré tí kò ní ìsàlẹ̀, pẹ̀lú ìtẹ̀ rẹ̀, ohun pẹlẹbẹ tí a fi ń tẹ ìrẹsì nínú rẹ̀; tàbí agolo Spam náà fúnra rẹ̀
- Páànù tí nǹkan kì í lẹ̀ mọ́, ṣíbí onígi pẹlẹbẹ, ọ̀bẹ mímú, ọ̀rá tín-ín-rín tí a fi ń wé oúnjẹ, àti òṣùwọ̀n bí ó bá wà

Gbogbo rẹ̀ máa gbà tó wákàtí kan àtààbọ̀, ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀, ìrẹsì ló ń dúró de omi. Ìwọ̀nba ni ẹ ó fi ọwọ́ yín ṣe.

Ohun tí àwọn ènìyàn máa ń ṣì rà

Ìrẹsì ni àkọ́kọ́. Ìrẹsì onígígùn tí wọ́n ti fi omi gbígbóná sè díẹ̀ kí wọ́n tó bó o, irú èyí tó kún ọjà wa tí a fi ń se jọ̀lọ́ọ̀fù, kò lè ṣe é. Ohun tí a fi ń yìn ín níbòmíràn gan-an ni àléébù rẹ̀ níbí: hóró kọ̀ọ̀kan á dá dúró, kò ní bá ìkejì lẹ̀. Basmati náà nìyẹn. Ọ̀fadà pàápàá kò bá a mu. Èròjà kan tó ń jẹ́ amylose kéré nínú ìrẹsì Japan oníhóró kúkúrú, amylopectin ló pọ̀ níbẹ̀, òun ló ń jẹ́ kí hóró lẹ̀ mọ́ hóró láìfọ́. Lára àpò, ẹ wá Calrose, Koshihikari, tàbí sushi rice. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní London tàbí Houston, ṣọ́ọ̀bù àwọn ará Éṣíà ni kí ẹ yà sí. Ní Èkó, ilé ìtajà ńlá tó bá ń ta nori sábà máa ń ní i. Bí kò bá sí rárá, ìrẹsì rírọ̀ tí àwọn Hausa fi ń ro tùwó ló súnmọ́ ọn jù, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ fi ife kan péré dán omi rẹ̀ wò. Kò ní gba iye omi kan náà pẹ̀lú Calrose.

Àpò tí wọ́n kọ glutinous rice tàbí sweet rice sí, ẹ fi í sílẹ̀. Ti mochi, oúnjẹ ìrẹsì gígún ti Japan tó máa ń fà, nìyẹn, á lẹ̀ kọjá ààlà.

Lórí ẹran: ẹlẹ́dẹ̀ ló wà nínú Spam gidi. Ẹ̀yin tí ẹ kì í jẹ ẹ́ lè mú Spam oní-tòlótòló, tàbí ẹran agolo míràn tí wọ́n fi adìyẹ tàbí màlúù ṣe, bí ó bá ṣáà ti ṣeé gé ní ègé láìfọ́. Ẹ ka ara agolo dáadáa, ẹ má fi àwòrán iwájú rẹ̀ ṣèdájọ́. Corned beef kò ṣeé lò, á fọ́ wẹ́wẹ́ nínú páànù. Spam tí wọ́n kọ Less Sodium sí ni mo máa mú bó bá jẹ́ èmi, nítorí iyọ̀ inú rẹ̀ fi ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún dín sí ti Classic, shoyu sì ń bọ̀ wá fi tirẹ̀ kún un.

Nori tí ẹ ń wá ni èyí tí a fi ń wé sushi, ńlá, tí kò ní òróró. Àwọn kékeré oníyọ̀ tí wọ́n ti fi òróró pa, tí àwọn ará Kòríà máa ń jẹ gẹ́gẹ́ bí ìpanu, kò gùn tó, yóò sì ya. Soy sauce dúdú kìjikìji ti Ṣáínà náà kò bá ìwọ̀n tí a kọ sókè mu. Aloha, shoyu tí wọ́n mọ̀ mọ́ Hàwáì, fúyẹ́ lẹ́nu ju Kikkoman ti Japan lọ. Bí Kikkoman lẹ bá ní, ṣíbí ìjẹun 2 àtààbọ̀ tó.

Ọtí wà nínú mirin. Ilé tí wọn kì í fẹ́ ẹ, kí wọ́n fi ṣíbí ìjẹun omi kan àti ṣíbí tíì ṣúgà kan dípò rẹ̀.

1. Ẹ fọ ìrẹsì, kí ẹ sì rẹ ẹ́

Ẹ da ìrẹsì sínú abọ́ ńlá, ẹ bu omi tútù sí i, ẹ fi ìka rò ó lẹ́ẹ̀mejì mẹ́ta, kí ẹ sì yára da omi náà nù. Omi àkọ́kọ́ yìí ló dọ̀tí jù, ìrẹsì gbígbẹ sì máa ń fa omi tó bá kọ́kọ́ kàn án. Ẹ má jẹ́ kó pẹ́ nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ọwọ́ rọra yí i, ẹ bu omi míràn, ẹ dà á nù. Ìgbà 3 sí 4 ló máa ń gbà.

Ìyẹ̀fun tó ń bò ó lára là ń fọ̀ kúrò. Bí ó bá kù síbẹ̀, á ro mọ́ra wọn bí ìrẹsì bá ń hó, ìta hóró á yọ̀, inú á sì le. Àwọn kan máa ń rò pé bí a kò bá fọ̀ ọ́ á túbọ̀ lẹ̀. Á lẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n lílẹ̀ tó máa lẹ̀ mọ́ mọ́ọ̀dù àti ọwọ́ yín ni, kì í ṣe tara wọn. Ẹ má sì fi agbára họ ọ́, hóró á dá sí méjì.

Ẹ dà á sínú asẹ́ kí ó jò fún ìṣẹ́jú 10. Lẹ́yìn náà, ẹ dà á sínú ìkòkò pẹ̀lú omi mílílítà 600, kí ẹ jẹ́ kó rẹ fún ìṣẹ́jú 30 kí iná tó kàn án.

*Àyẹ̀wò:* omi ìfọ̀ ìkẹyìn kò ní mọ́ kedere, ṣùgbọ́n ẹ ó máa rí hóró ìrẹsì nísàlẹ̀ abọ́. Lẹ́yìn ìrẹ, hóró tó ń dán tẹ́lẹ̀ á ti funfun báláú, bí ẹ bá sì fi èékánná tẹ ọ̀kan, á já láìjanpata.

2. Ẹ sè é

Ìkòkò tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ nípọn, tí ìdérí rẹ̀ sì lẹ́nu dáadáa ni kí ẹ lò. Ẹ dé e, ẹ gbé e sórí iná àárín. Ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 6 sí 8, ẹ ó gbọ́ tó ń hó, ooru á sì máa tì jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdérí. Lójú ẹsẹ̀, ẹ dín iná kù pátápátá, ibi tó kéré jù tí gáàsì yín lè dé. Ìṣẹ́jú 12. Ẹ pa iná. Ẹ fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15 sí i, ìdérí lórí.

Ní gbogbo àsìkò yìí, ẹ kò gbọdọ̀ ṣí i. Ọwọ́ wa máa ń yun wá láti yẹ ìrẹsì wò, láti bomi sí i, láti rò ó. Èyí kò gba bẹ́ẹ̀. Omi tí a wọ̀n síbẹ̀ kò ní àṣẹ́kù. Ooru tó bá jáde kò ní padà, ìrẹsì orí á sì wà ní líle nígbà tí ti ìsàlẹ̀ ti jiná. Òórùn bíi ti gbígbẹ díẹ̀ ní ìṣẹ́jú tó kẹ́yìn kò burú. Bí ó bá di òórùn jíjóná, iná yín kò kéré tó. Ẹ pa á, kí ẹ jẹ́ kó sinmi bẹ́ẹ̀.

Ẹni tó bá ní rice cooker, kó bu omi dé ìlà sushi lára ìkòkò inú rẹ̀. Bí kò bá sí ìlà sushi, kó dúró díẹ̀ sísàlẹ̀ ìlà ìrẹsì funfun.

Lẹ́yìn ìsinmi, ẹ ṣí i, ẹ ki ṣíbí onígi tó tutù fún omi bọ ẹ̀gbẹ́ ìkòkò, kí ẹ sì máa gé ìrẹsì náà láti ìsàlẹ̀ wá sókè, ẹ̀ẹ̀mẹ́fà tàbí ẹ̀ẹ̀méje. Gígé ni mo wí, kì í ṣe rírò. Ooru tó bá há sáàárín rẹ̀ á jáde. Ẹ wá fi aṣọ ìdáná mímọ́ bò ó.

*Àyẹ̀wò:* ẹ ti ọwọ́ bọ omi, ẹ bu ìwọ̀n ṣíbí kan, ẹ fún un lẹ́ẹ̀kan, ẹ la ọwọ́. Ó gbọ́dọ̀ wà lódindi, síbẹ̀ kí ẹ máa rí hóró kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá tú, ó gbẹ jù: ẹ wọ́n omi gbígbóná ṣíbí ìjẹun 2 sí i, ẹ dé e padà sórí iná tó kéré jù fún ìṣẹ́jú 5. Bí ó bá di ọ̀kan tí hóró kò hàn mọ́, ó rọ̀ jù: ẹ tẹ́ ẹ sórí tíréè, ẹ fẹ́ ẹ ní abẹ̀bẹ̀ fún ìṣẹ́jú bíi 5 sí 10. Èyí tó ti di mẹ̀ẹ́rẹ́ pátápátá, ẹ fi ṣe nǹkan míràn, kò ní di musubi láéláé.

3. Ẹ gé ẹran, kí ẹ sì dín in

Ìgbà tí ìrẹsì bá ń sinmi ni kí ẹ ṣe èyí.

Ẹ ṣí agolo, ẹ dojú rẹ̀ dé pátákó, ẹ fún ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì, kí ẹ sì gbọ̀n ọ́n. Bí kò bá jáde, ẹ fi ọ̀bẹ tẹ́ẹ́rẹ́ yí etí rẹ̀ ká. Ẹ má ti ìka bọ inú rẹ̀; ẹnu agolo náà mú. Ẹ dá ìṣù ẹran náà dùbúlẹ̀, kí ẹ gé e ní ìbú, kí ègé kọ̀ọ̀kan lè ní bátànì ẹnu agolo. Ẹ kọ́kọ́ dá a sí méjì, ẹ dá ìdajì kọ̀ọ̀kan sí méjì, ẹ tún dá wọn sí méjì. Ègé 8 nìyẹn, ọ̀kọ̀ọ̀kan nípọn tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 1. Ẹni tó bá kàn ń gé lọ láti ẹ̀gbẹ́ kan, ègé tó kẹ́yìn máa ń di ìlọ́po méjì ti àkọ́kọ́. Ẹ̀yin tí ẹran yín rọ̀ ju ti Spam lọ, ẹ gbé agolo sí fíríìjì fún wákàtí kan ṣáájú.

Ẹ gbé páànù sórí iná àárín láìfi òróró sí i. Ọ̀rá inú Spam tó o. Ti tòlótòló nìkan ni ẹ ó ta ṣíbí tíì òróró kan sí, nítorí ọ̀rá rẹ̀ kéré. Ẹ tò wọ́n, kí wọ́n má gun ara wọn, ìṣẹ́jú 2 sí 3 lápá kan. Bí ó bá pupa, ẹ yí i. Ẹ má yí i kí ó tó pupa, ibi tó pupa tó sì gan yìí ni ọbẹ̀ á rí dìrọ̀ mọ́.

*Àyẹ̀wò:* etí ègé kọ̀ọ̀kan ti gan díẹ̀, ojú rẹ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú, àárín ṣì rọ̀ bí ẹ bá fi ṣíbí tẹ̀ ẹ́.

4. Ọbẹ̀ adùn

Ẹ da shoyu, ṣúgà àti mirin pọ̀ nínú ife, ẹ rò ó títí ṣúgà á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ yọ́ tán. Ẹ da ọ̀rá tó ti jáde sínú páànù nù, kí ẹ fi tíṣù nu ìyókù. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìṣe nìyí: bí ọ̀rá bá wà níbẹ̀, ọbẹ̀ kò ní lẹ̀ mọ́ ẹran, á kàn máa yí gbirigbiri lórí rẹ̀. Ẹ dín iná kù, ẹ da ọbẹ̀ sí i.

Á hó lójú ẹsẹ̀. Ẹ máa yí ẹran sọ́tùn-ún sósì nínú rẹ̀ fún ìṣẹ́jú 1 sí 2, ẹ má kúrò nídìí rẹ̀. Ṣúgà kì í sọ fún ènìyàn kó tó jóná. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín dídùn àti kíkorò kò ju ìṣẹ́jú àáyá 20 lọ.

Kí ló dé tí a fi gbọ́dọ̀ jẹ́ kó gbẹ? Omi ọbẹ̀ tó bá ṣẹ́kù lára ẹran á jò sínú ìrẹsì, ìrẹsì á yọ̀, nori ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á rin gbìndìn, á sì ya níbi tí ìka yín bá wà. Ẹni tó bá fẹ́ ọbẹ̀ sí i, kó se é sọ́tọ̀, kó máa fi bọ̀ ọ́ jẹ.

*Àyẹ̀wò:* ẹ fi ṣíbí la ọbẹ̀ kọjá nínú páànù. Bí ojú páànù bá hàn fún ìwọ̀n ìṣẹ́jú àáyá kan kí ọbẹ̀ tó padà pàdé, ó ti tó. Ẹ kó ẹran jáde sórí àwo, ẹ tò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá kó wọn jọ, wọ́n á tú omi sí ara wọn lára.

5. Gígé nori

Ewé nori kan jẹ́ nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 19 sí 21. Ọ̀nà méjì ló wà.

Bí ẹ bá dá a sí méjì lójú sẹ̀ǹtímítà 19, ẹ ó ní ègé méjì tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 9.5, tí gígùn rẹ̀ sì jẹ́ 21. Èyí á bo gbogbo ara musubi, kò sí ibi tí ìrẹsì á ti yọ. Èyí ni ẹ ó lò bó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ gbé e rìnrìn àjò, òun náà ni iye ewé 4 tí mo kọ sókè wà fún.

Bí ẹ bá dá a sí mẹ́ta lójú sẹ̀ǹtímítà 21, fífẹ̀ á jẹ́ 7, gígùn á jẹ́ 19. Orí àti ìdí ìrẹsì á hàn síta, ó lẹ́wà, ewé 3 ló sì máa ná yín. Àmọ́ ẹ ṣírò rẹ̀ kí ẹ tó gé e: ègé Spam fẹ̀ tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 5.5, bí ìrẹsì àti ẹran bá ga tó 3.5 lápapọ̀, ìyíká rẹ̀ jẹ́ 18, ẹnu nori á pàdé pẹ̀lú sẹ̀ǹtímítà 1 péré. Bí ìrẹsì yín bá wá ga tó 3, ẹnu nori kò ní gun ara rẹ̀ mọ́.

Ọwọ́ gbígbẹ, pátákó gbígbẹ, ọ̀bẹ gbígbẹ. Kí ẹ gé gbogbo rẹ̀ tán kí ẹ tó fọwọ́ kan ìrẹsì, kí ẹ dá èyí tó kù padà sínú àpò rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, pàápàá lásìkò òjò.

*Àyẹ̀wò:* ẹ ṣẹ́ igun ewé kan. Ó gbọ́dọ̀ ró pàkà, kí ó sì dá. Bí ó bá kàn ká, ó ti fa ọ̀rinrin. Ẹ fi í han iná gáàsì kékeré láti òkè, ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan lójú kọ̀ọ̀kan, ẹ má jẹ́ kó kàn án.

6. Ìtẹ̀: ibi tí musubi ti ń di musubi

Ìrẹsì gbọ́dọ̀ gbóná, ṣùgbọ́n kí ọwọ́ lè gbà á. Èyí tí ooru ṣì ń fò lókè rẹ̀ á mú nori rọ kó tó di pé ẹ wé e. Èyí tó ti tutù kò ní lẹ̀ mọ́. Kò sí bí ẹ ṣe lè tẹ̀ ẹ́ tó. Nítorí náà, ẹ ṣe gbogbo mẹ́jọ lẹ́ẹ̀kan náà, kí ẹ sì máa fi aṣọ bo ìyókù ìrẹsì.

Ẹ tẹ́ ègé nori sílẹ̀, kí ojú tó ń dán kọ ilẹ̀, kí ojú tó rí hárahàra wà lókè. Ìrẹsì máa ń di ojú hárahàra yẹn mú dáadáa. Ẹ ti mọ́ọ̀dù bọ omi iyọ̀, ẹ gbọn omi rẹ̀ nù, ẹ gbé e sáàárín nori ní ìdábùú. Ẹ wọn ìrẹsì gíráàmù 115 sí 120 sínú rẹ̀. Bí kò bá sí òṣùwọ̀n, ẹ bù ú títí á fi ga tó sẹ̀ǹtímítà 4, torí ìtẹ̀ máa mú un wá sí 2.5 tàbí 3. Ẹ fi ìka kún igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́. Igun tó bá ṣófo ni ibi tí musubi máa ń ti bẹ̀rẹ̀ sí í tú.

Ẹ fi ìtẹ̀ rẹ̀ tó tutù fún omi tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, kó lágbára, kó sì dọ́gba, ẹ dúró bí ìṣẹ́jú àáyá 3. Ó tán. Ẹni tó bá ń fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́, hóró á fọ́, ohun tí yóò sì bá nínú rẹ̀ lọ́la á le bí iyán àná.

Ẹ wọ́n furikake ààbọ̀ ṣíbí tíì sí i lórí, ẹ gbé ẹran lé e. Ẹ fi ìtẹ̀ rọra mú ẹran dání mọ́lẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ kan, kí ẹ fi ọwọ́ kejì fa mọ́ọ̀dù sókè. Mọ́ọ̀dù ni kó gòkè, ìtẹ̀ kò gbọdọ̀ kúrò níbi tó wà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fa méjèèjì pọ̀, wọ́n á wá ní ìrẹsì ló bàjẹ́.

Ẹ wé apá kan nori sókè, ẹ fà á díẹ̀ kó fún, ẹ wé apá kejì lé e. Hóró ìrẹsì méjì mẹ́ta tí ẹ tẹ̀ sí etí rẹ̀ á lẹ̀ ẹ́ ju omi lọ. Ẹ dà á dé, kí ojú àpapọ̀ wà nísàlẹ̀, ìṣẹ́jú 2 sí 3. Ẹ fọ mọ́ọ̀dù nínú omi iyọ̀ kí ẹ tó ṣe òmíràn.

Tí agolo lẹ fẹ́ lò dípò mọ́ọ̀dù: ẹ fọ ọ́, ẹ ki ọ̀rá tín-ín-rín bọ inú rẹ̀ kí etí rẹ̀ yọ síta yí ká, èyí tó máa bo ẹnu mímú yẹn. Ẹ fi ṣíbí ti ègé ẹran kan wọlé kó dùbúlẹ̀ nísàlẹ̀, ẹ wọ́n furikake, ẹ wá da ìrẹsì lé e, kí ẹ fi ẹ̀yìn ṣíbí tẹ̀ ẹ́. Ẹ fa ọ̀rá náà jáde, ẹ dojú rẹ̀ dé, ẹran á bọ́ sókè. Ẹ wé e ní nori. Ó lọ́ra ju mọ́ọ̀dù lọ, ṣùgbọ́n ó bá ègé ẹran mu gẹ́lẹ́, níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé inú rẹ̀ lẹran ti jáde.

*Àyẹ̀wò:* ẹ fi ìka méjì gbé musubi náà ní àárín. Orí àti ìdí rẹ̀ kò gbọdọ̀ tẹ̀. Bí ó bá tẹ̀, ìrẹsì ti tutù jù tàbí kò kún igun. Ẹ tú èyí, ẹ tún un tẹ̀ kí ẹ tó kọjá sí ìkejì.

7. Wíwé, gbígbé lọ, àti fíríìjì

Ẹ jẹ́ kí ooru rẹ̀ wálẹ̀ di lọ́wọ́ọ́wọ́, kí ẹ wá fi ọ̀rá wé e pinpin lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá wé e nígbà tó ṣì ń gbóná gan-an, omi á kán sínú ọ̀rá, nori á rin. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀ láìwé, etí ìrẹsì á gan, nori á sì le tí kò ní ṣeé já. Nori ti Hàwáì rọ̀, ó sì lẹ̀ mọ́ ìrẹsì. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Ẹni tó bá fẹ́ èyí tó ń ró, kó dì í sọ́tọ̀ nínú ọ̀rá gbígbẹ, kó wé e nígbà tó bá fẹ́ jẹ ẹ́.

Ibi tí mi ò ní bá yín ṣeré nìyí. Kòkòrò àìfojúrí kan tó ń jẹ́ Bacillus cereus máa ń wà lára ìrẹsì láti oko, irúgbìn rẹ̀ kì í sì í kú nínú omi híhó. Bí ìrẹsì sísè bá pẹ́ nínú ooru, á hù, á pọ̀, á tu májèlé síbẹ̀. Májèlé tó ń fa èébì lára rẹ̀, ẹ gbé e gbóná títí, kò ní kúrò. Wákàtí 2 ni USDA, ilé iṣẹ́ ètò ọ̀gbìn ti Amẹ́ríkà, fi lélẹ̀ fún oúnjẹ sísè níta fíríìjì, wákàtí 1 péré bí ooru bá ju ìwọ̀n 32 Celsius lọ. Ọ̀sán Èkó àti Ìbàdàn ti kọjá ibẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Musubi tí ọmọ máa gbé lọ sílé ìwé láago 7 àárọ̀ kó jẹ ẹ́ láago 12, àfi kí ẹ fi í sínú àpò tó ń pa tútù mọ́ pẹ̀lú yìnyín. Fínígà tí àwọn kan ń bù sí ìrẹsì kò yí èyí padà. Ìwọ̀n tí a ń fi ojú bù nínú ilé, kò sẹ́ni tó mọ̀ bó ṣe kan tó.

Nínú fíríìjì, kí ẹ jẹ ẹ́ tán láàárín ọjọ́ kan. Ohun tí FSA, àjọ tó ń mójú tó ààbò oúnjẹ ní Ìlú Ọba, náà sọ nípa ìrẹsì sísè nìyẹn. Ìrẹsì á ti le nínú òtútù, èyí kò túmọ̀ sí pé ó bàjẹ́. Ẹ yọ ọ̀rá rẹ̀, ẹ fi tíṣù tó tutù fún omi wé e, ẹ gbé e sínú microwave fún ìṣẹ́jú àáyá 40 sí 60, títí àárín rẹ̀ á fi gbóná dáadáa. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni kí ẹ gbé e gbóná.

Fún fírísà, ẹ má fi nori sí i. Ìrẹsì àti ẹran nìkan ni kí ẹ wé pinpin, á dára tó oṣù kan. Láti inú yìnyín tààrà ni kí ẹ gbé e lọ sí microwave, ìṣẹ́jú 2 tàbí jù bẹ́ẹ̀ díẹ̀, kí ẹ wá dì í ní nori tuntun.

Bí ẹ bá fẹ́ fi ẹyin sí i

Ẹ po ẹyin 3 pẹ̀lú ṣúgà ṣíbí tíì 1 àti iyọ̀ ìfọwọ́tà, ẹ dín in pẹlẹbẹ lórí iná kékeré láìyí i padà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, kí ẹ gé e ní ìwọ̀n ègé Spam. Àárín ìrẹsì àti ẹran ló máa wà. Ní Okinawa ní Japan, ẹran agolo àti ẹyin kì í sábà pínyà nínú oúnjẹ irú èyí. Bí ẹ bá fi ẹyin sí i, ẹ dín ìrẹsì kù sí gíráàmù 100, kí ẹ sì lo nori tó gùn ní 21. Èyí tó gùn ní 19 kò ní pàdé.